Kí Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì Dé Etí Ọ̀sà

Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí kò kan omi àti igbó tó yí akẹ́kọ̀ọ́ ká kò tíì pé. Láti 1982 ni yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, èyí tí à ń pè ní Olabisi Onabanjo lónìí. Igbó Ọmọ, tí àjọ UNESCO kà mọ́ igbó pàtàkì àgbáyé ní 1977, wà lágbègbè Ìjẹ̀bú kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sà Ìwópin ní Ogun Waterside, níbi tí ewéko ojú omi ti máa ń dínà mọ́ ọkọ̀ apẹja. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ẹ̀kọ́ yunifásítì wo omi àti igbó tó yí i ká. Àwọn kan yóò ní owó ẹ̀rọ ayẹ̀wò omi kò sí. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ wọ́n, ṣùgbọ́n àwo funfun tí a so mọ́ okùn, tí a rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ojú kò fi rí i mọ́, tó láti fi mọ bí omi ṣe mọ́ gaara tó. Àwọn mìíràn yóò ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò mú iṣẹ́ wá. Ṣé ẹni tó mọ ohun tó ń pa ẹja kò wúlò fún ìlú apẹja ni? Kí àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ gíga ya owó ẹ̀kọ́ etí omi àti inú igbó sọ́tọ̀ nínú ìsúná ọdọọdún.