Nígbà Tí A Fi Ẹlòmíràn Rọ́pò Ọmọ Rẹ

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí. Jalen Hurts ni orúkọ rẹ̀, bọ́ọ̀lù ni ó sì ń gbá. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn eré ìdárayá, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ inú ilé ni nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ dé ìdí.

Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Ó rí bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì ń lò sí i ju ẹsẹ̀ lọ. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù sí. Òun ni yóò pinnu, kí àwọn òmìrán tó ń bọ̀ tó wó lù ú, bóyá kí òun jù ú sí ẹni tó wà lókèèrè, kí òun fà á lé ẹni ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́, tàbí kí òun fúnra òun gbé e sáré. A lè pín ipò mìíràn láàárín ènìyàn méjì. Èyí kò ṣeé pín. Ẹni tí ó bá ṣe ìkejì, orí bẹ́ǹṣì ni tirẹ̀.

Ọdún 1998 ni wọ́n bí Jalen. Ní Channelview ni ó dàgbà, nítòsí Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ìlú tí ọ̀pọ̀ ará ilé wa tẹ̀dó sí. Bàbá rẹ̀, Averion, ni kóòṣì bọ́ọ̀lù ní ilé-ìwé gíga ibẹ̀, lábẹ́ bàbá yìí ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2016 ó wọ Yunifásítì Alabama. Ẹ má rò pé eré ọmọ ilé-ìwé lásán ni, nítorí pápá Alabama gba ju 100,000 ènìyàn lọ. Ọmọ ọdún 18 ni Jalen nígbà tí wọ́n fi ẹgbẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Nínú eré 28 tí ó bẹ̀rẹ̀ fún wọn ní ọdún méjì, 26 ni wọ́n borí.

Ìkejì nínú méjì tí wọ́n pàdánù ni àṣekágbá ọdún 2017 sí 2018? Rárá o, wọn kò pàdánù ìyẹn. Ìbá tilẹ̀ rọrùn fún un bí wọ́n bá pàdánù rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 ni, ní ìlú Atlanta. Alabama àti Georgia ń du ipò olúborí gbogbo yunifásítì. Ìdajì eré parí, Georgia ní àmì 13, Alabama kò ní ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Jalen ti ju bọ́ọ̀lù, mẹ́ta péré ni ó dé ọwọ́ ẹni tí ó jù ú sí. Kóòṣì Nick Saban mú un kúrò, ó sì fi ọmọ ọdún kìn-ín-ní kan rọ́pò rẹ̀, Tua Tagovailoa, ọmọ Hawaii. Ọmọ náà jí eré dìde. Wọ́n borí ní àfikún àkókò, 26 sí 23, nígbà tí Tua ju bọ́ọ̀lù gígùn kan, tí DeVonta Smith sì gbà á. Ẹ bá mi fi orúkọ Smith yìí pamọ́.

Èmi kò bá kóòṣì jà. Ohun tí ó ṣe tọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Bí wọ́n bá rẹ́ ọmọ ẹni jẹ, a mọ bí a ti í gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ bá ṣe dáadáa jù ú lọ, lójú gbogbo ayé, kí ni bàbá yóò wí? Ta ni yóò bá jà?

Jalen bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ènìyàn sì rí i. Ìyìn rẹ̀ kún ẹnu: ọmọ yìí mọ̀wà hù, kò ṣe ìlara. Oṣù méje kọjá. Ní oṣù kẹjọ, àwọn akọ̀ròyìn yí i ká, ó wá là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ní gbogbo àsìkò náà, kò sí ẹni tí ó bi òun léèrè bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára òun, títí kan àwọn kóòṣì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. A máa ń yin ọmọ tí ó bá gba nǹkan mọ́ra. A ó ní sùúrù ni ó ní, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé inú wa kàn dùn nítorí kò yọ wá lẹ́nu. Ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọ yunifásítì, arábìnrin tí wọ́n gba ipò aṣíwájú akọrin lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì ń bọ̀ fún ìdánrawò síbẹ̀, ta ni ó ti jókòó tì wọ́n béèrè? Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ti Jalen ni pé kò dákẹ́ títí, kò sì pariwo. Ó sọ ọ́ ní gbangba lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sẹ́nu ìdánrawò.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ní ọdún 2018 kan náà ni òfin tuntun jáde pé ẹni tí kò bá gbá ju eré mẹ́rin lọ lè fi ọdún náà pamọ́ kí ó lò ó níwájú. Ọ̀pọ̀ rò pé Jalen yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Kelly Bryant ti Clemson, tí wọ́n fi ọ̀dọ́mọdé rọ́pò bákan náà, kúrò lẹ́yìn eré mẹ́rin, èmi kò sì dá a lẹ́bi. Jalen dúró ní tirẹ̀. Ó ń wọlé ní ìparí eré, nígbà tí Tua bá ti borí tán.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá, Alabama tún pàdé Georgia, ní pápá Atlanta kan náà. Georgia ń lé wọn, 28 sí 21, ìdámẹ́rin ìkẹyìn eré ni, Tua sì fi ọrùn ẹsẹ̀ pa. Wọ́n pe Jalen. Ó ju bọ́ọ̀lù tí ó sọ ọ́ di ọ̀mì, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé èyí tí ó borí wọlé nígbà tí eré ku ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀. 35 sí 28. Saban, ọkùnrin líle, fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí wọ́n bi í nípa rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá náà Jalen gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Alabama, nígbà tí ó sì di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ó kó lọ sí Yunifásítì Oklahoma. Àwọn kan tí wọ́n ń fi ọmọ yìí wàásù sùúrù kì í fẹ́ mẹ́nu kan ibi yìí. Ó kúrò o! Bàbá rẹ̀ kò sì fi í pamọ́ ṣáájú pé bí ipò náà kò bá jẹ́ ti ọmọ òun, yóò wá ibòmíràn. Bí ó ti gboyè tán ni ó jẹ́ kí ó lè gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀ ní ibi tuntun, nítorí ẹni tí kò tíì gboyè sábà máa ń fi ọdún kan jókòó nígbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n tú òfin yìí ká ní ọdún 2021, àwọn ọmọ ń ti yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni pààrọ̀ aṣọ.

Ní Oklahoma, ní ọdún 2019, ó ju bọ́ọ̀lù 32 tí ó di ayò, ó sì fi ẹsẹ̀ gbé 20 wọlé. Òun ni ó ṣe ìkejì nínú ẹ̀bùn Heisman tí wọ́n ń fún àgbà òṣèré yunifásítì. Joe Burrow ti LSU ṣe ìkíní, Justin Fields ti Ohio State ṣe ìkẹta. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti jókòó lẹ́yìn ẹlòmíràn níbìkan, tí wọ́n sì kó kúrò. LSU ti Burrow náà ni ó na Oklahoma, 63 sí 28, ní Atlanta kan náà. Ìlú yẹn àti ọmọ yìí!

Ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles mú un ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú ènìyàn 52 ṣáájú rẹ̀. Ìkejì ni wọ́n tún fi í ṣe, kí ó tó gba ipò náà kí ọdún tó parí. Ní oṣù kejì ọdún 2023 wọ́n pàdánù Super Bowl, 38 sí 35. Ní ọdún náà ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 255 dọ́là, ó sì gba oyè kejì ní Oklahoma.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2025, ní New Orleans, àwọn Eagles na Kansas City Chiefs, 40 sí 22, Jalen ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn òṣèré tí ó dára jù. Nínú eré náà ó ju bọ́ọ̀lù gígùn kan, yáàdì 46, tí ó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó ń dúró dè é ní ìlà òpin. DeVonta Smith ni.