Lẹ́ńsì Tó Yẹ Abẹ́ Àtíbàbà Òfì

Bí ẹni tó fẹ́ máa ya iṣẹ́ òfì Ìsẹ́yìn bá fẹ́ ra kámẹ́rà kékeré, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bí súùmù rẹ̀ ṣe lè fa nǹkan mọ́ra tó. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: nígbà tí lẹ́ńsì náà bá nà tán, báwo ni ìmọ́lẹ̀ tó ṣì ń gbà wọlé ṣe pọ̀ tó?

Abẹ́ àtíbàbà ni ahunṣọ ń jókòó sí. Òwú tó ta síwájú gùn gbọọrọ wọ inú oòrùn, títí dé ìdí ẹrù tó mú un le. Àmọ́ inú ibòji ni ọwọ́ ahunṣọ, omù àti ọ̀kọ̀ tó fi ń hunṣọ wà. Súùmù ló ń jẹ́ kí ayàwòrán rí gbogbo gígùn òwú yà, kó tún fa ọ̀kọ̀ mọ́ra láìdí oníṣẹ́ lọ́wọ́.

Canon PowerShot G7 X tó jáde ní 2014 ń lọ láti 24mm dé 100mm, f/1.8 ni ojú lẹ́ńsì rẹ̀ ń ṣí dé níbẹ̀rẹ̀, f/2.8 lópin (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ tó). Panasonic TZ100 ti 2016 dé 250mm, ṣùgbọ́n f/5.9 ló ń bá a débẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá nà tán, ìmọ́lẹ̀ tí Canon ń gbà ju ìlọ́po mẹ́rin ti èkejì lọ.

Òótọ́ ni pé méjèèjì ní ẹ̀rọ tó ń dènà gbígbọ̀n. Ọwọ́ ayàwòrán nìkan nìyẹn ń bá wí. Kò lè dá ọ̀kọ̀ tó ń sáré dúró. Kí kámẹ́rà ṣí kó sì pa wéré ló lè ṣe é, ìyẹn sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí kò bá sí, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára, á gòkè, àwòrán á kún fún hóró, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ara ẹ̀tù á sì dàrú mọ́ra.

Ní Yídì lọ́jọ́ Iléyá, nínú oòrùn gbangba, 250mm ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àwòrán ta aṣọ fún oníbàárà ọ̀nà jíjìn nílò kí àwọ̀ àti ìlà hàn kedere ju kó rí òkèèrè lọ.

Ìtọ́jú náà ṣe pàtàkì. Lẹ́ńsì tó ń wọlé tó ń jáde lè fa eruku ọyẹ́ sínú, kò sì ṣeé tú nù bí èyí tó ṣeé yọ. Kó máa wà nínú àpò tó dé dáadáa, kí wọ́n sì nu ara rẹ̀ kó tó wọlé padà.

Lẹ́ńsì tó kúrú tó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ ló tọ́ sí òfì.