Ìdọ́gba Ló Ṣáájú Agbára

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan fún yín. Nínú títo ọkọ̀ òfurufú kékeré oníbátìrì, irú èyí tí à ń fi rìmóòtù darí kó lè máa dárà lójú ọ̀run, ìdọ́gba ni olórí iṣẹ́, kì í ṣe agbára mọ́tò.

Èyí àkọ́kọ́ tí mo tò, mọ́tò rẹ̀ lágbára gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti bátìrì sẹ́yìn, torí ibẹ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn. Bó ṣe gbéra báyìí, imú rẹ̀ yọ sókè, ó sì já lulẹ̀ gbì! Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló run lójú mi.

Kí ló fà á? Ojúkò ìwúwo. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó máa ń wà ní nǹkan bí ìdá 25 sí 33 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ apá, tí a bá wọ̀n ọ́n láti etí iwájú. Bó bá sún sẹ́yìn jù, apá ìkáwọ́ rẹ̀ bọ́ nìyẹn. Bó bá wà níwájú jù, yóò fò, àmọ́ kò ní lè dárà.

Torí náà, ẹ fi bátìrì sí àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì so wáyà o. Ìka ọwọ́ kò ní sípíà. Ẹ wá fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá, níbi tí ìwé ìlànà rẹ̀ sọ. Bí ìrù bá ń lọ sílẹ̀, ẹ ti bátìrì síwájú.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra mọ́tò tó tóbi sí i. Rárá jàre! Ìka méjì, ọ̀fẹ́ ni.