Ìwé Àádọ́ta: Èwo Ni Ti Yorùbá Nínú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ lórí àmì ohùn tàbí orúkọ ọjọ́. Ọ̀rọ̀ ìdíje ìwé kíkà ni, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní ilé ìwé wọn ní Dubai àti Sharjah níbí. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ èrò ọkàn mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston lè má mọ bí wọ́n ṣe ka ìwé sí tó ní ibi tí a wà yìí. Orílẹ̀-èdè yìí pe ọdún 2016 ní Ọdún Ìwé Kíkà, wọ́n sì ṣe òfin lórí ìwé kíkà lọ́dún kan náà. Oṣù kẹta ni wọ́n sì ń pè ní oṣù ìwé kíkà lọ́dọọdún. Bí ó bá ti dé, àwọn ọmọ á máa múra bí ẹni inú ìtàn lọ sí ilé ìwé, olùkọ́ yàrá ìkàwé á máa lẹ ìràwọ̀ mọ́ ara ògiri, àwọn òǹkọ̀wé á máa wá kàwé sí wọn létí. Sharjah ní tirẹ̀ ti ń ṣe ọjà ìwé ńlá láti ọdún 1982, wọ́n tún ní àjọ̀dún ìwé kíkà tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọdé nìkan. UNESCO fi ìlú náà jẹ oyè Olú Ìlú Ìwé Lágbàáyé ní ọdún 2019. (Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé Port Harcourt tiwa ti jẹ oyè yẹn ṣáájú wọn, ní 2014.) Ilé ìkàwé ìjọba Sharjah pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2025. Ní Dubai, wọ́n ṣí ilé ìkàwé ńlá kan sí Al Jaddaf ní 2022, wọ́n kọ́ ọ bí igi tí a ń gbé Kùránì lé nígbà tí a bá ń kà á. Ọmọ tó bá ti lọ ilé kéú rí á dá a mọ̀ láti òkèèrè.

Ṣùgbọ́n ìdíje tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ìpèníjà Ìwé Kíkà Lárúbáwá. Sheikh Mohammed bin Rashid Al Maktoum, ọba Dubai, ló dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ọmọ yóò ka ìwé 50 láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan. Kì í ṣe pé kó kàn kà á lọ bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n á fún un ní ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní pásípọ́ọ̀tù. Ìwé mẹ́wàá ni pásípọ́ọ̀tù kan ń gbà, àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Bí ọmọ bá ka ìwé kan tán, yóò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú pásípọ́ọ̀tù náà ní ṣókí, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Ìgbà tí márààrún bá kún ni yóò tó lè lọ síwájú àwọn adájọ́, láti ilé ìwé dé agbègbè, láti agbègbè dé orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí àwọn tó yege tó wá pàdé ní Dubai fún àṣekágbá.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ló kópa láti ilẹ̀ Lárúbáwá káàkiri. Ọmọ ọdún méje láti Algeria ló gbégbá orókè ní 2016. Ní 2018, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án láti Morocco ni. Ní 2022, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan, Sham Al Bakour, láti Aleppo ní Síríà, ló gbà á, ẹ̀bùn tí wọ́n fún un sì jẹ́ ìdajì mílíọ̀nù dírámù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa ẹnu dé, owó kọ́ ni mo fẹ́ fi hàn yín!

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Èdè Lárúbáwá nìkan ni ìdíje yìí ń kà. Ọmọ lè ti ka ọgọ́rùn-ún ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọ̀kan tí yóò wọ pásípọ́ọ̀tù yẹn. Àwọn tó ni ìlú rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wọn ń sọ nílé ìwé, òun ni wọ́n ń sọ ní ilé ìtajà, òun ni wọ́n fi ń ṣeré lórí fóònù. Lárúbáwá tí ọmọ Morocco ń sọ nílé sì yàtọ̀ sí ti ọmọ Síríà, ti inú ìwé tún yàtọ̀ sí méjèèjì, bí ìgbà tí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì bá jókòó ti Yorùbá inú ìwé, àfi pé tiwọn jìn síra ju tiwa lọ. Nítorí náà wọ́n ná owó sí i. Nígbà tó di ìdíje ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ní 2018, wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn tó ń gbé ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti Lárúbáwá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Èdè tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ń sọ, tí orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún ń fi ṣe èdè ìjọba, wọ́n ṣì ń bẹ̀rù pé yóò bọ́ lẹ́nu ọmọ wọn ní òkèèrè.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí oníṣirò. Ohun tí a bá kọ sínú ìwé ìṣirò ni ọ̀gá máa ń bi wá léèrè ní ìparí oṣù. Èyí tí a kò kọ, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, bó pẹ́ bó yá a ó wá a tì. Ìwé mélòó ni ọmọ yín kà lọ́dún tó kọjá? Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ iye rẹ̀, nítorí ilé ìwé fi ìwé-ẹ̀rí ránṣẹ́ wálé, ẹ sì ti gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Mélòó ló jẹ́ ti Yorùbá nínú rẹ̀?

Màmá àgbà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti Ọ̀ṣogbo lórí WhatsApp, ọmọ tó ti ka ogójì ìwé á gbé fóònù fún bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, kí ni Màmá sọ?" Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀ o. Kò sí ẹni tó ka Yorùbá kún nǹkan fún un ni.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kí ọmọ kọ́kọ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì gba ipò kìíní ná, Yorùbá lè dúró. Mo ti gbọ́ ọ láti ẹnu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà láàárín Dubai kò nílò ìrànlọ́wọ́ yín láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé irun rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ. Yorùbá ni kò ní ibòmíràn tí yóò ti rí i àfi ọ̀dọ̀ yín.

Nígbà náà, ṣé kí àwa náà dá ìdíje sílẹ̀, kí a so owó mọ́ ọn? Níbi yìí ni mo ti fẹ́ kí a rọra ṣe. Ní ọdún 1973, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Lepper, Greene àti Nisbett, gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn láti máa yàwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé-ẹ̀rí aláràbarà fún àwọn kan bí wọ́n bá yàwòrán. Àwọn kan tún wà tí wọn ò sọ nǹkan kan fún, ṣùgbọ́n tí wọ́n fún ní ìwé-ẹ̀rí kan náà lójijì nígbà tí wọ́n yà á tán. Àwọn yòókù ò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n tún kó ohun ìyàwòrán síwájú gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún ni ìfẹ́ wọn sí i ti dín kù. Àwọn tó gba ẹ̀bùn lójijì kò yí padà rárá. Mo mọ̀ pé àwòrán kì í ṣe ìwé. Síbẹ̀, ẹ wo ọmọ tó ń ka ìwé tinrín-tinrín nítorí pé iye ni wọ́n ń kà, ẹ ó mọ̀ pé ìwádìí yẹn kò parọ́.

Àwa òbí náà kò sì mọ́ nínú rẹ̀. Mo ti rí ìwé tí wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ló kọ fún ìdíje kan ní ilé ìwé rẹ̀, tí gírámà inú rẹ̀ ga ju ti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ lọ. Ta ló ń díje gan-an?

Síbẹ̀ mi ò ní kí a sọ ìdíje nù. Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ṣe ìdíje ìwé kíkọ. Olùkọ́ kan tí wọ́n bí ní Òkè-Igbó ní 1903 kọ ìtàn kan sí i. D. O. Fágúnwà ni olùkọ́ náà, ìwé rẹ̀ sì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1938, tí Wọlé Ṣóyínká sì túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Bí kò bá sí ìdíje yẹn, bóyá àpótí ni ìtàn náà ì bá wà. Ìdíje dára nígbà tó bá pe ènìyàn jáde.

Èrò mi ni pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ní Dubai, pásípọ́ọ̀tù ló yẹ kí a yá lọ́wọ́ wọn, kí a fi ìdajì mílíọ̀nù sílẹ̀ fún wọn. Kí ọmọ kàwé, kí ó sì sọ ohun tó kà fún ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè. Ọmọ tó bá sáré ka Yorùbá kọjá yóò pe igbá ní igba, yóò pe ìgbà ní igbá, kò sì ní mọ̀ títí tí ẹnì kan yóò fi sọ pé, "Dúró ná, kí ló gbé lórí?" Ìbéèrè yẹn kò sí nínú iye.

Ẹ má sì sọ pé àádọ́ta. Ìwé márùn-ún péré lọ́dún tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ, kó tó kan àwọn ìtàn Ìjàpá. Ẹ̀yin tí ẹ ń di èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí sínú ẹrù nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ láti ilé, ẹ yọ kílò kan péré kúrò nínú èlùbọ́ náà, ẹ fi ìwé dí àyè rẹ̀. Àwa tí a ń gbé Sharjah nítorí owó ilé, tí a sì ń wakọ̀ lọ Dubai láràárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Al Ittihad tó fún ọmọ tó jókòó lẹ́yìn láti ka odidi ìtàn kan sókè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ilé ìkàwé ìjọba yín ń ṣe ìdíje ìwé mẹ́fà fún àwọn ọmọ nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn láti ọdún 1999, ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì ń yan ìwé tó wù ú. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá ọ̀kan nínú mẹ́fà náà lè jẹ́ ti Yorùbá.

Ní ti adájọ́, mo ti rí i. Màmá àgbà ni, tàbí bàbá àgbà, tàbí ẹ̀gbọ́n màmá yín tó wà nílé tí kò mọ̀ ju Yorùbá lọ. Ìwọ ọmọ tó ń ka èyí, bí o bá ka ìtàn kan tán, kọ ìlà márùn-ún nípa rẹ̀ sínú ìwé rẹ pẹ̀lú àmì ohùn, bàbá tàbí màmá rẹ kò gbọ́dọ̀ bá ọ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, pe màmá àgbà, kí o kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù bí ó bá ń rí ọ, kí o sì sọ ìtàn náà fún wọn láì wo ìwé. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta tí o sì dáhùn, o ti yege. Kí bàbá rẹ kọ ọjọ́ náà sí abẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ọ lẹ́bùn, kí wọ́n má sọ fún ọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ló dára jù. Ẹ rántí pé wákàtí mẹ́ta ni a fi ṣíwájú Nàìjíríà: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbí ni aago méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Ẹ kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, màmá lè máa sùn.