Ta ni yóò gbẹnu sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì wa?

Kòrónà ti rọlẹ̀, ọjà Adjarra ti kún padà, ó sì fẹ́ dà bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa ṣì wà nílẹ̀.

Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àìsàn náà ní Benin, ní ọjọ́ 16, oṣù kẹta, ọdún 2020. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti fi ìdènà yí àwọn ìlú kan ká, Adjarra wà níbẹ̀. Ó di ọjọ́ 11, oṣù karùn-ún, kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà tí kálukú ń sá fún ẹnì kejì, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àtẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn ń lọ síbi tí àìsàn wà. Tí wọ́n bá délé, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti gbé ọmọ wọn. Àwọn kan ládùúgbò tún ń yà fún wọn lọ́nà! Ìyẹn ò dáa rárá.

Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìlera tí kòrónà pa lágbàáyé, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020 títí di oṣù karùn-ún 2021, lè tó 80,000 sí 180,000. Ta ló máa gbọ́ èyí, tí yóò tún lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tí ọkàn rẹ̀ á balẹ̀? Àjọ kan náà ti ṣàlàyé ní 2019 pé wàhálà iṣẹ́ tó pẹ́ tí a kò bójú tó ló ń fa àárẹ̀ tó ń tán èèyàn lágbára pátápátá. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ohun tí àgbo ń wò. Ẹni tó bá sì ti rẹ̀ báyẹn lè ṣi oògùn fún ọmọ wa.

Láti 2018, òfin kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìlera da iṣẹ́ sílẹ̀. A mọ ìdí ẹ̀: aboyún tó ń rọbí ò lè dúró de ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá lè daṣẹ́ sílẹ̀, àwa ló kù tí yóò sọ̀rọ̀.

Kọ́múnù ló ń tún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ṣe, nítorí náà a ń bẹ mẹ́à wa: kí yàrá kan wà tí ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú lè sùn sí. Kó sì bá wa kọ̀wé sáwọn aláṣẹ ìlera ní Ouémé, kí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ alẹ́ sinmi lọ́jọ́ kejì láìpè é padà, kí ẹnì kan sì wà tí wọ́n lè sọ tinú wọn fún, tí kò ní gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹni tó bá ń lé nọ́ọ̀sì kúrò nílé nítorí iṣẹ́ ẹ̀, ẹ pè é, ẹ bá a wí.

A fẹ́ kí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àkọ́kọ́, ká tó kan ọ̀rọ̀ aṣọ ọdún.