Kí Òkúta Ìrántí Afijio Ka Gbogbo Wa

Ọ̀rọ̀ òkúta ìrántí ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, irú èyí tí a ń rì mọ́lẹ̀ láti fi sọ ọjọ́ tí a dá nǹkan sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ rì í fún Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijio, mo fara mọ́ ọn. Ohun tí a máa kọ sí i lára ni kí a má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ní 1989, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida, ni wọ́n yọ Afijio lára Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yọ́, tí wọ́n fi olú rẹ̀ sí Jóbẹ̀lé. Orúkọ náà kì í ṣe orúkọ odò tàbí òkè. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn ìlú ni wọ́n ṣà jọ. Ẹ wò ó, ó jọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gan-an: ìlú mú lẹ́tà wá bí ẹni san owó ìpín. F, Fìdítì ni. J, Jóbẹ̀lé ni. Ibi tó kù ni ọ̀rọ̀ wà. A kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Awẹ́ ń bẹ, Akínmọ́ọ̀rìn ń bẹ. I méjì ló wà. Ìlọrà, Ìwàré àti Ìmínì sì jẹ́ mẹ́ta. Ta ni ká ní kó jókòó sílé? Nínú ẹgbẹ́ wa, ta ló jẹ́ gbà kí orúkọ òun sọnù nínú ìwé, kí akọ̀wé wá ní ṣebí gbogbo wa la mọ̀ pé ó dá owó?

Nítorí náà, kí òkúta náà ka àwọn ìlú, èyí tó ní lẹ́tà àti èyí tí kò ní, àti abúlé pẹ̀lú. Kí orúkọ alága tó bá wà lórí àga lọ́jọ́ náà wà nísàlẹ̀, kó sì kéré. (N kò bá alága kankan jà o. Ṣé ẹ̀yin náà mọ bí àkọlé ìṣílé ṣe máa ń rí: orúkọ ẹni tó ṣí i á tóbi ju ohun tó ṣí lọ.)

Kó má sì dín ọjọ́ orí wa kù. Fìdítì àti Ìlọrà kì í ṣe ọmọ 1989. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pàápàá sílẹ̀ ní February 3, 1976, àwọn ìlú wọ̀nyí ti wà tipẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ la dá sílẹ̀, a kò tẹ ìlú dó.

Ẹlòmíràn á ní, ẹ fi owó yẹn tún òrùlé ọjà ṣe. Òótọ́ ni, òfin 1999 fi ọjà àti ibùdókọ̀ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó òkúta kan kò tó owó òrùlé kan. Ìyá ọlọ́sàn tó ń san tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìgbà tí ẹni tó ń gbà á dé. Ìyẹn ni n kò ṣe fẹ́ kí wọ́n rì í sínú ọgbà ọ́fíìsì; ẹ̀gbẹ́ ọjà ni kó wà, létí títì àtijọ́ Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́.

Ní Àgbádárìgì, igi Agia tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842 ti wó láti 1959. Òkúta tó wà níbẹ̀ ló ń bá àlejò sọ̀rọ̀ lónìí. Igi tiwa ni àwọn àgbà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní 1989 ti kọjá ọgọ́ta. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ bá wọn, kó béèrè ìlú tó ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.