NÍBO NI A WÀ NÍGBÀ TÍ WỌ́N FA KÁNSẸ́LỌ̀ KALẸ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ lónìí, kò sì ní dùn létí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ràn ẹni ni í sọ òótọ́ fún ni.

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tí a ṣe kẹ́yìn ní Igbókọ̀dá níbí, ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ ni a fi wákàtí kan gbáko sọ. Kánsẹ́lọ̀ ni a ń bú. Ẹnì kan ní òjò ń pa àwọn ọmọ nínú kíláàsì òun. Ẹlòmíràn ní ẹrẹ̀ inú ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ènìyàn dé orókún. Ìyá kan láàrin wa, tí ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti etí òkun wá sí ibi iṣẹ́, ní pákó tí àwọn fi ń sọ̀kalẹ̀ ní èbúté abúlé òun ti jẹrà tán. Gbogbo wa ń pariwo pé, "Bẹ́ẹ̀ ni! Òtítọ́ ni!" Ìgbà náà ni arákùnrin kan dìde, ó sì béèrè pé: "Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ yìí, ta ni ó mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀?" Àwa 27 ni a wà níbẹ̀. Ọwọ́ mẹ́rin péré ni ó nà sókè. Ó tún béèrè pé: "Ta ni ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fà á kalẹ̀?" Kò sí ọwọ́ kankan.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí ọwọ́ tèmi náà wà nílẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, mo lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ òṣèlú kan. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé ìwé òṣìṣẹ́ ni èyí, kì í ṣe ti olóṣèlú kankan. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ń ṣe é. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, àwọn tí ó jókòó kò sì tó 20. Ẹnikẹ́ni kò lé mi. Wọ́n sún fún mi, mo jókòó. Àwọn tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe àǹjọ̀nú: aránṣọ kan, awakọ̀ ojú omi méjì, àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe, àti àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Lídà. N kò rí olùkọ́ níbẹ̀, n kò rí nọ́ọ̀sì, n kò rí akọ̀wé ọ́fíìsì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn tí kò tó 20 wọ̀nyí ni wọn yóò jókòó lọ́jọ́ kan tí wọn yóò sọ pé, "Lágbájá ni a fẹ́." Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa ní ibùdó ìdìbò, wọ́n ti jẹ ẹran tán, egungun ni wọ́n gbé wá fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn ṣe rí. Ní ilẹ̀ wa, kò sí àyè fún ẹni tí ó bá fẹ́ dá du ipò láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú ni ẹnu ọ̀nà, ìpàdé wọ́ọ̀dù sì ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, a dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, APC, ni ó gba ipò alága ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18. Ohun yòówù kí oníkálukú rò nípa ìdìbò náà, ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún wa. Níbi tí ẹgbẹ́ kan bá ti lè kó gbogbo rẹ̀, ìdìbò gidi ti parí kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Orí irú bẹ́ǹṣì mẹ́ta yẹn ni ó ti parí. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò dìbò rárá, bí ó tilẹ̀ tẹ̀ka.

Ṣé ohun tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan tí à ń torí rẹ̀ jáde nílé? Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Láti ọdún 1996 tí wọ́n ti yọ Ìlàjẹ kúrò lára ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ/Ẹsẹ̀-Odò àtijọ́, tí Igbókọ̀dá sì di olú ìlú rẹ̀, wọ́ọ̀dù 12 ni a ní: Ahẹri, Etíkan, mẹ́rin ní Máhìn àti mẹ́fà ní Ugbò. Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbẹ́ gbogboògbò, kíkó ìdọ̀tí àti ibi ìsìnkú sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní kí ó lọ́wọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Kódà, ìwé àṣẹ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ọkọ̀ tí àwọn baba wa fi ń pẹja, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin fi í sí. Ẹ̀yin ọmọ Ìlàjẹ, ohun wo ni ó tún kù nínú ayé wa tí kò sí nínú ìwé yẹn?

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀, àti pé kò bá òfin mu kí gómìnà máa yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ dípò àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Ìdájọ́ ńlá ni, a sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìdájọ́ kì í ṣọ́ owó. Ènìyàn ni í ṣọ́ owó. Bí àwọn tí ó wọlé bá jẹ́ àwọn tí kò jíyìn fún ẹnikẹ́ni nínú wa, ńṣe ni owó náà kàn yí àpò padà.

N kò sọ pé kánsẹ́lọ̀ lè ṣe ohun gbogbo. Òkun ń jẹ Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, kò sì sí kánsẹ́lọ̀ tí ó lè dá òkun dúró. Iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ àti ti Àbújá ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ké bá yadi, ta ni yóò gbọ́ igbe ìlú?

Wàyí o, mo mọ àwíjàre wa. Èmi náà ti wí i rí.

Èkíní: "Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, òfin kò gbà mí láyè." Irọ́ ni. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ìlànà àjọ elétò ìdìbò tí ó ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba má ṣe wọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Balarabe Musa àti Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, wà lára àwọn tí ó pe ẹjọ́ náà. Ẹ̀tọ́ tí àwọn ẹlòmíràn jà fún wa, a fi pamọ́ sínú àpótí. Lóòótọ́, nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ du ipò gan-an, ọ̀ràn yí padà: òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kéré tán, 30 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Ìnira ńlá ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti gba káàdì, láti lọ sí ìpàdé, láti sọ̀rọ̀, láti yan ẹlòmíràn, kò sí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Èkejì: "N kò kàwé tó." Láti ọdún 2018, ẹni ọdún 25 lè du ipò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀. Ìwé Òfin kò sì sọ pé dandan ni kí ènìyàn dé yunifásítì. Ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá tó o. Kódà, ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan, bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 10, tí ó ti kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ díẹ̀ sí i, tí ó sì lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó sì kọ ọ́. Mélòó nínú wa ni kò kọjá ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́?

Ẹ̀kẹta: "Òṣèlú dọ̀tí." Bẹ́ẹ̀ ni, ó dọ̀tí. Àgbàlá tí a kò gbá náà a máa dọ̀tí. Ṣé bí a bá sá kúrò níbẹ̀ ni yóò mọ́?

Ẹ̀kẹrin, tí ó le jù: "Kò sí owó." Nígbà tí Òfin Ìdìbò ọdún 2022 wà lóde, mílíọ̀nù 5 náírà ni ó fi ṣe òpin ohun tí olùdíje fún ipò kánsẹ́lọ̀ lè ná. Òpin ni o, kì í ṣe pé dandan ni kí ó ná an tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àpò òṣìṣẹ́ kan kò lè gbé ìdajì rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe ń lọ bá bàbá ìsàlẹ̀, nítorí náà ni ó sì fi ń di ẹrú bàbá ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó gbé owó kalẹ̀ ni kánsẹ́lọ̀ yóò máa kí láàárọ̀, kì í ṣe àwa.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn, kí a lè mọ ibi tí à ń lọ. Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Obìnrin tí ó mi ààfin tìtì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 1959, nígbà tí ó fẹ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹgbẹ́ NCNC tí ó ti bá ṣiṣẹ́ pẹ́ kọ̀, wọn kò fà á kalẹ̀. Òfin ìgbà náà ṣì gbà kí ènìyàn dá dúró. Ó dá dúró, ó sì fìdí rẹmi. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lẹ́yìn ẹni lójú títì kò tó. Ó yẹ kí wọ́n wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń pín ipò pẹ̀lú.

Adams Oshiomhole, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná, ló di ààrẹ NLC láti 1999 sí 2007. Ó du ipò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ẹdó ní 2007, wọ́n kéde ẹlòmíràn, ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ó sì gba ipò náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Òṣìṣẹ́ lè dé ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ wa jù ni ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ pé Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò ti Labour Party ni ó wọlé ìbò ọdún 2007. Labour Party! Ẹgbẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí wà lẹ́yìn ìdásílẹ̀ rẹ̀! A jó, a yọ̀. Ní 2014, gómìnà kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí PDP, ilé náà sì ṣófo. N kò bá ẹni tí ó kó ẹrù rẹ̀ jà. Ara wa ni mo ń bá jà. Orúkọ wa ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó sùn níbẹ̀? Bí òṣìṣẹ́ bá kún inú ìpàdé wọ́ọ̀dù rẹ̀ láti Ọ̀wọ̀ títí dé Igbókọ̀dá, ẹnì kan kì bá ti lè kó o lọ bí ẹni ká ẹní.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo gbé síwájú ẹ̀ka yìí.

Kí oníkálukú wa lọ gba káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá wù ú ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó sì máa lọ sí ìpàdé, kì í ṣe ní oṣù ìdìbò nìkan. A kò ní kí gbogbo wa wọ ẹgbẹ́ kan. Bí ẹni márùn-ún wa bá wà lórí bẹ́ǹṣì tí kò gbà ju 20 lọ, ọ̀rọ̀ wa yóò wúwo.

Kí àwa tí a bá fẹ́ dá àjọ, lọ́tọ̀ sí owó ẹgbẹ́. Mo tún un sọ: kì í ṣe owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó àpò ara wa ni, díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, bí a ti ń dá èésú, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Owó yìí ni yóò gba ọmọ wa lọ́wọ́ bàbá ìsàlẹ̀.

Kí ẹni tí a bá fà kalẹ̀ ṣèlérí níwájú wa pé, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, òun yóò wá jókòó síwájú àwọn ará wọ́ọ̀dù rẹ̀, yóò sì sọ iye tí ó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Bí ó bá kọ̀, àwa tí a gbé e gùn ẹṣin ni yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹnì kan yóò sọ pé ọmọ wa náà yóò yí padà bó bá débẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a mọ ilé rẹ̀, tí a mọ owó tí ó fi wọlé, tí a sì ń bá pàdé lóṣooṣù, kò rọrùn fún un láti sá fún wa bíi ti ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀.

Àìrìn jọ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Nígbà tí a bá fẹ́ kí wọ́n san owó oṣù wa, a mọ bí a ṣe ń rìn jọ. Kí ló dé tí oníkálukú fi ń dá rìn nígbà tí ó bá kan ìlú tí à ń ná owó oṣù náà sí?

Mo ti gba káàdì tèmi. Ìpàdé wọ́ọ̀dù wa tún ń bọ̀, àyè sì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ní ìpàdé ẹ̀ka tí ó ń bọ̀, arákùnrin wa yóò tún béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ọwọ́ mélòó ni yóò nà sókè?

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.

Èmi ni,
Ọmọ ẹgbẹ́ yín kan ní Igbókọ̀dá.